Wòlíì ní ìyá ọkọ mi ni Èṣù ń lò: ta gan-an ni Bíbélì pè ní ọ̀tá?

Abíkẹ́_Tánkẹ̀

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, mi ò dá sí i rí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi.

Ìlọrin la wà, ní Tánkẹ̀. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, gìrì ti mú ọmọ mi ọkùnrin lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni. Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn, òru ni, mo rò pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Ọ̀rẹ́ mi kan wá mú mi lọ sí ilé àdúrà kan. Mi ò tíì dárúkọ ara mi tí wòlíì ibẹ̀ fi sọ pé ọ̀tá kò jìnnà, pé ìyá àgbà tó ń bá wa gbé ni Èṣù ń lò, pé òun ló ń di ọmọ náà mú lóru. Ó ní kí n ṣí Mátíù 10, ẹsẹ 36. Èmi fúnra mi ni mo kà á sókè: àwọn ará ilé ènìyàn ni yóò jẹ́ ọ̀tá rẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ni ìyá àgbà yìí. Òkè-Onígbìn ló ti wá bá mi tọ́mọ, òun ni mo fi rí àyè padà sídìí iṣẹ́ ìránṣọ mi. Ṣùgbọ́n ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí mi ò jẹ́ kó gbé ọmọ mọ́. Bó bá se oúnjẹ, n óò dúró títí yóò fi wọlé, n óò dà á nù. Ọkọ mi ò mọ̀. Màmá mọ̀ pé nǹkan ti yí padà, kò bi mí.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ta ni Èṣù nínú Bíbélì gan-an? Ṣé ó lè lo arúgbó tó ń bá wa kúnlẹ̀ gbàdúrà láràárọ̀? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi.

Jagunjagun_Àdúrà

Arábìnrin mi, Olúwa á wo ọmọ náà sàn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ẹ bèèrè bóyá ó lè lo ẹni tó ń gbàdúrà. Ẹ ka Lúùkù 22, ẹsẹ 3: Sátánì wọ inú Júdásì, ẹni tó ń bá Jésù ti ọwọ́ bọ àwo kan náà. Pétérù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ Kristi tán, òun náà ni Jésù kọjú sí tó ní, "Kúrò lẹ́yìn mi, Sátánì." Bó bá rí àyè lára àwọn yẹn, ta wá ni ìyá àgbà?

Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn o. Ọdún mẹ́rin ni mi ò fi rí iṣẹ́ ṣe, àfìgbà tí mo gbààwẹ̀, tí mo ń ṣe ìṣọ́ òru láìsinmi, kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ọ̀tá ń bẹ. Ẹ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ẹ máa dìde láago méjìlá òru, kí ẹ sì fi ọgbọ́n dá màmá padà sílé. Ẹ má bá wọn jà.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀fà

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bèèrè ti ọmọ ná. Ara rẹ̀ gbóná kí gìrì tó mú un, àbí kò gbóná? Ṣé ẹ ti gbé e lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀?

Àwọn ọmọ tó wà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún, bí ibà bá gbóná lára wọn, gìrì lè mú wọn. Òjò ti dé, ẹ̀fọn ti pọ̀, ibà sì wà káàkiri. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí itọ́ má baà há a lọ́fun. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má fún un ní ìtọ̀ màlúù, ẹ má ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. A ti rí ọmọ tí irú ìtọ́jú yẹn ṣe ní jàǹbá ju gìrì fúnra rẹ̀ lọ. Bó bá ti ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ẹ máa sáré lọ sí ọsibítù. Kódà bó bá dáwọ́ dúró, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Onígbàgbọ́ ni mí, mo máa ń gbàdúrà lórí ọmọ tí mo bá fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Ẹ gbé e lọ lọ́la.

Àkànbí_Èsìẹ́

Ti orúkọ ni mo fẹ́ sọ. Èṣù tí àwọn baba wa mọ̀ kì í ṣe Sátánì. Ìránṣẹ́ ni láàárín Olódùmarè, àwọn òrìṣà àti ènìyàn. Òun ló ń gbé ẹbọ dé ibi tó yẹ kó dé, oríta ni wọ́n ti ń bá a. Òótọ́ ni pé ó lè dá wàhálà sílẹ̀, àwọn tó ń kì í náà ní ó ń sọ ẹ̀bi dàre, ó ń sọ àre dẹ̀bi. Ṣùgbọ́n kò bá Olódùmarè ṣọ̀tá, iṣẹ́ Olódùmarè ló ń jẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi sọ ọmọ wọn ní Èṣùbíyìí. Ọba Èkó kan tilẹ̀ jẹ́ Èṣùgbàyí, kò sì sẹ́ni tó sá fún un. Lónìí, àwọn ọmọ Èṣùbíyìí ti sọ ara wọn di Jésùbíyìí.

Kristẹni ni mí, mi ò bọ òrìṣà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń bèèrè ẹni tí Èṣù jẹ́ nínú Bíbélì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà pé orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n yá fún un.

Ará_Ìgbàjà

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ní Ìgbàjà, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Alẹ́ àná ni mo ka ọ̀rọ̀ Abíkẹ́, oorun ò sì kùn mí mọ́.

Òótọ́ ni Àkànbí sọ. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ń tú Bíbélì sí Yorùbá, tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n bá pàdé. Ọ̀kan jẹ́ ti Hébérù, satan, wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a ń pè é ní Sátánì. Èkejì jẹ́ ti Gíríìkì, diabolos, òun ni wọ́n fi Èṣù tú. Ìyẹn lẹ fi ń rí Sátánì nínú ìwé Jóòbù, tí ẹ sì ń rí Èṣù níbi tí wọ́n ti dán Jésù wò nínú Mátíù 4. Mi ò ní bá àwọn baba yẹn jà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá lẹ́nu àwọn ènìyàn ni wọ́n mú. Ohun tó dùn mí ni pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì bọ́ sọnù mọ́ wa lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ inú ìtumọ̀ yẹn ni ìdáhùn tí Abíkẹ́ ń wá wà.

Satan ni alátakò, ẹni tó dènà dè ọ́, ẹni tó dìde láti rojọ́ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Kódà áńgẹ́lì Olúwa tó dènà de Báláámù nínú Númérì 22, ọ̀rọ̀ kan náà ni Hébérù lò fún un níbẹ̀. Diabolos ni abanijẹ́, ẹni tó ń fi ẹ̀sùn èké kan ọmọlàkejì. Ìfihàn 12, ẹsẹ 10 pè é ní olùfisùn àwọn arákùnrin wa, tó ń fi wọ́n sùn níwájú Ọlọ́run tọ̀sán-tòru. Jésù fúnra rẹ̀, nínú Jòhánù 8, ẹsẹ 44, pè é ní apànìyàn láti àtètèkọ́ṣe, ó ní èké ni, baba èké. Ẹ wá wò ó: ẹnu ni ohun ìjà rẹ̀. Nínú ọgbà Édẹ́nì, ejò yẹn kò bu Éfà jẹ. Ọ̀rọ̀ ló sọ. Ó ba Ọlọ́run jẹ́ lójú Éfà, Éfà sì gbà á gbọ́.

Ẹ tún wo Jóòbù. Ọlọ́run bi í pé níbo lo ti ń bọ̀, ó ní òun ń lọ síwá sẹ́yìn lórí ilẹ̀ ni. Ẹni tó ń rìn káàkiri kò sí níbi gbogbo nìyẹn. Ó ní Jóòbù yóò bú Ọlọ́run, Jóòbù kò bú u, ẹni tí kò mọ ohun gbogbo nìyẹn. Kò lè fọwọ́ kan màlúù Jóòbù kan ṣoṣo láìgbàṣẹ. Ẹ̀dá ni. Ọ̀pọ̀ wa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé Ọlọ́run méjì ló wà, ọ̀kan rere, ọ̀kan búburú, tí wọ́n jọ ń du ayé mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ìgbàgbọ́ wa kò rí bẹ́ẹ̀. Pétérù ní ó ń ké ramúramù bíi kìnnìún, ká máa ṣọ́ra, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Kólósè 2, ẹsẹ 15 ní Kristi ti bọ́ ohun ìjà lára àwọn alágbára yẹn.

Ohun kan wà nínú Jóòbù tí mi ò tètè rí, ó tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń kọ́ ọ kí ojú mi tó là sí i. Sátánì kò hàn mọ́ lẹ́yìn orí kejì. Olùfisùn náà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn kò dúró! Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù mẹ́ta ló gba iṣẹ́ náà ṣe, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń wá ohun tó ṣe tí ìyà fi ń jẹ ẹ́. Onísìn ni wọ́n, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló kún ẹnu wọn. Ní orí 42, àwọn ni Ọlọ́run bínú sí.

Ó ku Mátíù 10 tí wòlíì ní kí o kà. Ọ̀rọ̀ Míkà 7, ẹsẹ 6 ni Jésù ń tún sọ níbẹ̀. Ó ń rán àwọn àpọ́sítélì lọ wàásù, ó ń sọ fún wọn pé nítorí orúkọ òun, ilé tí wọ́n bí wọn sí lè kọ̀ wọ́n. Ẹni tí wọ́n lé nílé nítorí ìgbàgbọ́ ni ẹsẹ yẹn ń tù nínú. Kì í ṣe ẹsẹ tí a fi ń wá àjẹ́ nínú ilé.

Abíkẹ́, ọmọ mi, jọ̀ọ́, ṣírò ohun tí ọ̀rọ̀ wòlíì yẹn ti bí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. O ń fi nǹkan pamọ́ fún ọkọ rẹ. O ń da oúnjẹ nù. A ti dá arúgbó kan lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Nínú gbogbo ẹni tí Bíbélì dárúkọ, iṣẹ́ ta ni èyí jọ?

Ọmọ_Ìlọrin

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba Mùsùlùmí kan láyè. Ní ìdílé wa ní Ìlọrin níbí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá mi sì ti re Mẹ́kà, a jọ ń jẹun ni.

Àwa náà ń sá di Ọlọ́run kúrò lọ́dọ̀ Èṣù ẹni ẹ̀kọ̀ ká tó ka Kùránì. Ìgbéraga ló ba tirẹ̀ jẹ́: ó kọ̀ láti forí kanlẹ̀ fún Ádámọ̀, ó ní iná ni wọ́n fi dá òun, amọ̀ ni wọ́n fi dá Ádámọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí bàbá mi fẹ́ràn jù wà nínú Súrà Ìbúráhímù, ẹsẹ 22. Lọ́jọ́ ìdájọ́, yóò sọ fún àwọn tó tẹ̀lé e pé òun ò ní agbára kan lórí wọn, òun kàn pè wọ́n ni, àwọn ló jẹ́ òun, kí wọ́n má bú òun, ara wọn ni kí wọ́n bú. Bí ọ̀kan nínú wa bá jí ẹran nínú ìkòkò tó ní "èṣù ló tì mí", bàbá mi á ní, "Ó pè ọ́ ni. Ta ló jẹ́ ẹ?"

Màmá_Ajàṣẹ́

Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́.

Abíkẹ́, mo ti jẹ́ ìyá àgbà yẹn rí.

Mo lọ kí ọmọ mi níbi tó ń gbé. Mo gbé èlùbọ́ dání, isu tí mo fọwọ́ ara mi bó, tí mo bọ̀, tí mo sá títí ó fi gbẹ. Ní ọjọ́ kẹta, mo ń gbá àyíká ilé, mo bá èlùbọ́ mi lórí ààtàn. Wọn ò tilẹ̀ tú okùn ẹnu àpò náà. Mi ò bi wọ́n. Kí ni n óò bi? Lóru ọjọ́ yẹn, mo gbọ́ wọn nínú yàrá kejì tí wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ní ẹni tó gbé ẹrù ibi wọ ilé yìí, kó kú. Mo ń ṣe àmín láti orí ẹní mi. Àmín mẹ́ta ni mo ti ṣe kó tó yé mi pé èmi ni.

Ilẹ̀ mọ́, mo lọ sílé. Ọdún mẹ́fà ni. Ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí ni pé mo gbààwẹ̀ lórí ara mi. Mo ní, Olúwa, bí mo bá jẹ́ àjẹ́ tí mi ò sì mọ̀, fi hàn mí. Arúgbó bíi tèmi, tí mo ti ń sin Jésù láti kékeré, mo ń bẹ̀rù ọwọ́ ara mi.

Ìyá ọkọ rẹ mọ̀ pé ò ń da oúnjẹ nù. Ẹni tó se oúnjẹ máa ń mọ̀.

Jagunjagun_Àdúrà

Màmá, ẹ dákun, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, mo ka á lẹ́ẹ̀mejì. Mo yí ohun tí mo sọ pé kí wọ́n dá ìyá padà sílé padà.

Ṣùgbọ́n Alàgbà Ìgbàjà, mi ò fẹ́ ká wá sọ ọ̀tá di àlọ́. Odò-Ọwá ní ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n bí Àpọ́sítélì Ayọ̀ Babalọlá sí ní 1904. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì ló ń wà nígbà tí Ọlọ́run pè é ní 1928. Nígbà tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà ní 1930, ṣé ẹ mọ iye ènìyàn tó kó oògùn àti ère jáde láti sun? Agogo lọ́wọ́ kan, Bíbélì lọ́wọ́ kejì. Ṣé kò sí ẹni tó ń bá jà ni? Jésù náà lé ẹ̀mí èṣù jáde.

Ará_Ìgbàjà

Ó ń bá a jà, mo gbà. Èmi náà ń bá a jà. Bí mo bá ní ẹnu ni ohun ìjà rẹ̀, n kò ní ohun ìjà yẹn kò pani. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Màmá Ajàṣẹ́.

Àwọn tó wá sí Iléṣà, oògùn tó wà lọ́wọ́ ara wọn ni wọ́n kó wá sun. Éfésù 6, ẹsẹ 12 sì ti sọ fún wa pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara ni à ń bá jìjàkadì. Ìyá ọkọ Abíkẹ́, ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara ni.

Ẹ wo Máàkù 5, ọkùnrin tí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí èṣù tó ń jẹ́ Léjíónì wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní ẹ̀mí èṣù lára tó o nínú Bíbélì. Ibojì ló ń gbé, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè é, ó já a. Kí ni Jésù ṣe? Ó lé àwọn ẹ̀mí náà, ó gba ọkùnrin náà là. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, tó fẹ́ máa tẹ̀lé e, Jésù ní kó padà sílé sọ́dọ̀ àwọn ará rẹ̀. Ilé ló dá a padà sí!

Ti Júdásì tí ẹ mú wá ńkọ́? Jòhánù 13 ní Èṣù ti fi í sí i lọ́kàn láti fi Jésù hàn, Jésù sì mọ̀. Ó wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú tàwọn yòókù. Ó ti òkèlè bọ ọbẹ̀, ó fún un. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́ ni ohun tí wòlíì sọ, tí mi ò gbà pé òótọ́ ni, ohun tí Olúwa wa ṣe sí ẹni tó mọ̀ dájú nìyẹn. Kò da oúnjẹ rẹ̀ nù.

Èyí tí mo rò pé a ò wò rárá ni Éfésù 4, ẹsẹ 26 àti 27. Pọ́ọ̀lù ní ká má jẹ́ kí oòrùn wọ̀ bá ìbínú wa, ká má sì fi àyè fún Èṣù. Àyè tó ń wá nìyẹn. Nínú 2 Kọ́ríńtì 2 náà, nígbà tí Pọ́ọ̀lù ní ká má jẹ́ kí Sátánì rẹ́ wa jẹ, ọ̀rọ̀ ìdáríjì ló ń sọ lọ́wọ́, pé kí wọ́n gba arákùnrin kan padà kí ìbànújẹ́ má baà gbé e mì.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀fà

Abíkẹ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Mò ń retí yín.

Abíkẹ́_Tánkẹ̀

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ó di ọjọ́ mọ́kànlá.

Mo gbé ọmọ lọ ní ọjọ́ kejì tí Nọ́ọ̀sì kọ̀wé. Ibà ni, ó pọ̀ lẹ́jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fún un lóògùn, ó ti ń sáré káàkiri. Àwọ̀n ẹ̀fọn tó wà lórí ibùsùn wa ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mi ò mọ̀. A ti pààrọ̀ rẹ̀.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi. Kò pariwo. Ó jáde, ó tó wákàtí kan kó tó wọlé, ó wá ní, "Ṣé o rántí ẹni tó jí wa lóru ọjọ́ yẹn?" Màmá ni. Òun ló kọ́kọ́ gbọ́ ọmọ, kí n tó dé ibẹ̀ ó ti gbé e mọ́ra, ó ti fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Òun ló di ọmọ mú lóru. Èmi fúnra mi sì ni mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó mú mi lọ sọ́dọ̀ wòlíì. Mi ò fẹ́ fi ẹ̀sùn kan ọ̀rẹ́ mi náà. Mo ti fi ẹ̀sùn kan ènìyàn tó.

Ṣùgbọ́n Màmá ti lọ. Ó di ẹrù rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ̀wé síbí, ó ní òun fẹ́ lọ wo oko. Mo pọn ọmọ, mo wọ ọkọ̀ ní Gáréèjì Ọ̀fà, mo lọ bá a ní Òkè-Onígbìn. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ti wòlíì, mo sọ ti oúnjẹ. Mo rò pé yóò sunkún tàbí kó lé mi. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, "Ó ń jẹun?" Mo ní ó ń jẹun. Ó gbà á lẹ́yìn mi, ó pọ̀n ọ́n, ó gbé e lọ han àwọn ará ilé kejì.

Mo sun ọjọ́ méjì níbẹ̀. Ó ro àmàlà, mo jẹ ẹ́ tán. Kò tíì ní òun á padà wá. Ó ní ó di ìgbà tí wọ́n bá ya àgbàdo. Ojú rẹ̀, mi ò tíì lè wò ó tààrà. N óò tún lọ lóṣù tó ń bọ̀, èmi àti ọkọ mi.

Jagunjagun_Àdúrà

Mò ń gbààwẹ̀ lórí ọmọ náà àti lórí Màmá. Orúkọ àwọn méjèèjì pa pọ̀ ni mò ń dá.

Màmá_Ajàṣẹ́

Bí ẹ bá ń lọ, Ajàṣẹ́ lẹ máa gbà kọjá. Ẹ yà sọ́dọ̀ mi. Mo ní èlùbọ́ nílẹ̀.